Ọ̀nà Ẹlẹ́sẹ̀ Dà?

Bí ìjọba bá ti ní òun fẹ́ tún ibi ìgbafẹ́ ṣe, ilé ìtura ni etí wa sábà máa ń kọ́kọ́ gbọ́: yàrá olówó ńlá, odò ìlúwẹ̀ẹ́, gbọ̀ngàn ìpàdé. Kò burú. Ṣùgbọ́n ta ni yóò la ọ̀nà tí tọmọdé tàgbà lè fẹsẹ̀ rìn gba abẹ́ igi títí dé orí òkè?

Òkè kò wọ́n wa l'Ékìtì. Ẹni tó bá ń ti Àkúrẹ́ bọ̀ wá sí Adó yóò rí òkè Olósùnta tó dúró gbagidi n'Íkẹ̀rẹ́. Ní Adó gan-an, orí Òkè Ayọba ni ilé ìjọba wà. Gómìnà ń gbatẹ́gùn lókè, àwa ń gba eruku nísàlẹ̀. (Àwàdà ni o, kí wọ́n má ránṣẹ́ pè mí.)

Àwọn aládùúrà ló mọ òkè wa í gùn jù. Ó ti wà bẹ́ẹ̀ láti ayé Wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá, tó kú ní 1959, tí wọ́n sì sin sí Ẹ̀fọ̀n-Alààyè. Ẹsẹ̀ àwọn aládùúrà ló ń lànà, agbaṣẹ́ṣe kankan kò gbowó lórí rẹ̀. Àbùkù kan ló wà níbẹ̀: ọ̀nà tó bá gun òkè ṣánṣán, òjò mélòó kan ni yóò sọ ọ́ di ojú ọ̀gbàrá. Ṣe ni kí ọ̀nà máa pẹ́ kọrọ, kí ó gba ẹ̀gbẹ́ òkè lọ, kí ó tún yí padà; kí wọ́n fi òkúta dí ibi tí omi ń gbà, kí wọ́n sì gbé bẹ́ǹṣì síbi tí ìyá àgbà lè sinmi.

N'Íkògòsì, níbi tí omi gbígbóná ti pàdé omi tútù, gbogbo wa la mọ ìtàn ọdẹ àti ìyàwó rẹ̀ méjì tí wọ́n ní ó di omi náà. Láti 1952 ni míṣọ́nnárì ìjọ Onítẹ̀bọmi kan, John McGee, ti kọ́lé síbẹ̀. Igi tó ṣíji bo omi náà ńkọ́? Mélòó nínú wa ló lè dárúkọ wọn? Ewé arère ya ìka bí àtẹ́lẹwọ́. Gbòǹgbò àràbà a máa yọ jáde lára igi bí ògiri, tó ga ju èèyàn lọ. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, èso rẹ̀ á bẹ́, òwú á máa fò káàkiri. Orí ọkọ̀ agbégẹdú ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti mọ ìrókò, nígbà tó ti di ìtì. Ẹ kọ orúkọ Yorùbá sára pákó pẹlẹbẹ, kí ẹ gbé e síwájú igi kọ̀ọ̀kan.

Àwọn ibòmíràn ti ń ṣe é: òkè Ìdànrè ní àtẹ̀gùn tó lé ní 660, àwọn èèyàn ń gùn ún. Ní Lẹ́kí, láti 2015 ni wọ́n ti ń sanwó láti rìn lórí afárá òkè igi tó gùn ní mítà 401.

Ibi tí mo fẹ́ kí a ti bẹ̀rẹ̀ ni Ìkẹ̀rẹ́. Kí wọ́n kọ́kọ́ lọ bá àwọn àwòrò Olósùnta, kí ọ̀nà yẹra fún ojúbọ. Kí wọ́n gba ọ̀dọ́ ìlú ṣe afinimọ̀nà, kí owó ìwọlé má sì ju owó ọkọ̀ láti Adó dé Ìkẹ̀rẹ́ lọ.