Iṣẹ́ Abẹ Òróòro: Ọwọ́ Tálákà Gbọ́dọ̀ Tó Pẹpẹ

Àwọn baba wa ní, ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ní ti iṣẹ́ abẹ àpò òróòro, ìmọ̀ ìṣègùn ti ṣẹ́gun akèrègbè. Pẹpẹ ni ó kù.

Ẹ̀yin ará, àpò kékeré tí ó rọ̀ mọ́ abẹ́ ẹ̀dọ̀ ni àpò òróòro. Òkúta a máa dì nínú rẹ̀, pàápàá lára àwọn obìnrin àti àwọn ọmọ wa tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Bí òkúta náà bá dí ọ̀nà, inú yóò máa ro aláìsàn lábẹ́ ìhà ọ̀tún, ẹyinjú rẹ̀ sì lè pọ́n bí ti ẹni tí ibà pọ́njú ń ṣe.

Láti 1882, nígbà tí Carl Langenbuch kọ́kọ́ yọ àpò yìí ní Berlin, ńṣe ni a ń la ikùn. Ní 1985, Erich Mühe, dókítà ará Jámánì mìíràn, gba ihò kékeré yọ ọ́. Lónìí, ihò mẹ́rin sábà máa ń tó: a ó fi afẹ́fẹ́ wú ikùn, a ó ti iná àti ẹ̀rọ ayàwòrán wọ inú rẹ̀, dókítà yóò sì máa wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lójú ẹ̀rọ bíi ti tẹlifísàn. Ọ̀pọ̀ ni ó ń lọ sílé ní ọjọ́ kejì, tí wọ́n sì ń padà sí iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Ẹni tí a la ikùn rẹ̀ lè pẹ́ ju oṣù kan lọ.

Àwọn ilé ìwòsàn aládàáni ń ṣe é ní Lẹ́kí. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń rí i gbà? Ẹni tí ó ní owó lọ́wọ́ ni. Akọ̀wé tí a la ikùn rẹ̀ ń gba owó oṣù lórí ibùsùn. Apẹja Ajah àti àgbẹ̀ Ìbéjú ńkọ́? Oko kì í dúró de ọgbẹ́. Ẹni tí ó ń fi agbára jẹun gan-an ni ihò kékeré yẹ jùlọ, òun náà ni a sì ń fi dù.

Àwọn kan yóò wí pé ẹ̀rọ náà wọ́n. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ebi ilé aláìsàn pẹ̀lú wọ́n. Òfin 2022 ti sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Nítorí náà, kí wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan béèrè lọ́wọ́ aṣòfin rẹ̀ pé kí ètò náà san owó iṣẹ́ abẹ yìí, kí ìjọba sì pèsè ẹ̀rọ àti dókítà tí ó mọ̀ ọ́n lò sí ilé ìwòsàn ìjọba tí ó súnmọ́ wa.

Bí ọwọ́ kò bá tó pẹpẹ, ẹ jẹ́ kí a gbé pẹpẹ wálẹ̀.