Ọgbà Ẹ̀yìnkùlé: Tòmátì Tí Í Tètè Pọ́n



Kò sí ẹni tí ń dáná nínú wa tí kò mọ àkókò tí tòmátì máa ń wọ́n jù lọ. Láti nǹkan bí oṣù Kẹrin títí dé oṣù Keje, nígbà tí àwọn àgbẹ̀ Òkè Ọya bá ti kórè èyí tí wọ́n fi omi gbìn ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tán, agbọ̀n tí ń ti Kánò àti Kàdúná wá sọ́dọ̀ wa a dínkù, owó rẹ̀ a sì gòkè. Ní ọdún 2016 ọ̀ràn náà burú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ: kòkòrò kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Tuta absoluta ba oko tòmátì jẹ́ lọ bẹẹrẹ, tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba ìpínlẹ̀ Kàdúná fi kéde ipò pàjáwìrì lórí rẹ̀ ní oṣù Karùn-ún ọdún náà.

Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ìdí òkìtì ẹ̀sà ni ọ̀pọ̀ wa máa ń lọ bẹ̀rẹ̀ sí. A ó ṣà á, a ó gé ibi tí ó rà dànù, a ó sì lọ ìyókù fún ọbẹ̀ àwọn ọmọ. Èmi kò bá ẹni tí owó rẹ̀ kò tó wí. Ṣùgbọ́n omi ni ó pọ̀ jù lára tòmátì. Èyí tí ó bá ti bu, tí nǹkan funfun tàbí dúdú ti hù sí i lára bí òwú, májèlé rẹ̀ lè ti wọ inú rẹ̀ ju ibi tí ojú rí lọ, kì í sì í ṣe gbogbo irú májèlé bẹ́ẹ̀ ni iná ń pa. Ẹ má ṣe gé e jẹ. Ẹ dà á nù.

Nítorí èyí ni mo ṣe fẹ́ kí á sọ̀rọ̀ lórí tòmátì tí í tètè pọ́n, tí ìyá ilé lè gbìn sí ẹ̀yìnkùlé. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni Roma VF. Ní Beltsville, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti mú Roma jáde ní ọdún 1955. Lẹ́tà méjì tí ó kẹ́yìn orúkọ rẹ̀ ń tọ́ka sí àrùn méjì tí ń ti inú ilẹ̀ mú igi tòmátì rọ, tí irú èyí lè kojú. Èso rẹ̀ gùn bí ẹyin, ẹran ara rẹ̀ ki, omi rẹ̀ kò pọ̀, nítorí náà kì í jẹ epo ìdáná púpọ̀ kí ọbẹ̀ tó gbẹ. Láti ọjọ́ tí a bá ti ṣí i gbìn sí ààyè rẹ̀, àkọ́pọ́n rẹ̀ kì í ju nǹkan bí ọjọ́ 75 sí 80 lọ.

Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀. Bí ẹ bá gbin hóró rẹ̀ sí ebè kékeré tàbí inú agbada ní ìparí oṣù Kìn-ín-ní, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin yóò tó ṣí. Ní àárín oṣù Karùn-ún ẹ ó ti máa já a, nígbà tí ọjà bá gbóná, kí òjò ńlá oṣù Kẹfà tó dé. Èyí tí í pẹ́ pọ́n, tútù ni òjò yóò bá a lórí igi. Òtítọ́ ni pé kì í so tó èyí tí a gbìn ní oṣù Kẹsàn-án tí ọyẹ́ bá pàdé rẹ̀, nítorí bí òru bá ti móoru jù, òdòdó a máa já dànù láìso. Ṣùgbọ́n nígbà ọyẹ́, tòmátì kì í wọ́n. Ìṣáásùn kan ní oṣù Karùn-ún wúlò fún mi ju agbọ̀n kan lọ ní oṣù Kìn-ín-ní.

Ẹ wá ibi tí oòrùn òwúrọ̀ ń dé, tí ògiri tàbí igi sì ṣíji bò ní ọ̀sán. Ilẹ̀ tí ẹ gbin ata, ìgbá tí àwọn mìíràn ń pè ní ìkàn, tàbí tòmátì sí ní ọdún tó kọjá kò dára. Ẹbí kan náà ni wọ́n, àrùn kan náà ní ń ṣe wọ́n. Ìgbẹ́ adìyẹ tí ó ti jẹrà dáadáa ni kí ẹ pò mọ́ ilẹ̀, nítorí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yóò jó gbòǹgbò. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ ṣí i gbìn, kí ẹ rì í wọlé dé ìsàlẹ̀ ewé rẹ̀ àkọ́kọ́, kí àlàfo bí 50 sẹ̀ǹtímítà sì wà láàárín igi kan àti èkejì. Ẹni tí ó ń gbé ilé onílé lè lu ihò sí ìdí garawa ọ̀dà, igi kan sí garawa kan.

Ibi tí àwọn tó ti gbin tòmátì rí ti máa ń ṣi ọwọ́ gbé ni èyí. Wọ́n ti gbọ́ pé ó yẹ kí a máa já ẹ̀ka kéékèèké tí ń yọ láàárín igi àti ewé. Tòmátì tí ń ga ṣáá ni èyí yẹ fún. Roma kì í ga ṣáá. Bí ó bá ti tó ìbàdí, yóò dúró, orí àwọn ẹ̀ka wọ̀nyẹn gan-an ni yóò sì so sí. Ẹni tí ó já wọn dànù, ọbẹ̀ rẹ̀ ni ó já dànù. Ọ̀pá kúkúrú kan láti fi gbé e ró ti tó.

Ní ti omi, ìdí igi ni kí ẹ máa bu ú sí, ní òwúrọ̀, kí ewé má tutù. Kí ó sì ṣe déédéé. Èyí tí a fi òùngbẹ pa ní ọjọ́ mẹ́ta, tí a wá rì sómi ní ọjọ́ kẹrin, ìdí èso rẹ̀ a dúdú, a sì rà. Koríko gbígbẹ tí a tẹ́ sí ìdí rẹ̀ kì í jẹ́ kí ilẹ̀ tètè gbẹ.

Àrùn kan wà tí lẹ́tà méjì wọ̀nyẹn kò lè dá dúró. Igi a rọ lójijì, ewé rẹ̀ a sì tutù yọ̀yọ̀ síbẹ̀. Ẹ gé igi náà nísàlẹ̀, kí ẹ ki ojú ibi tí ẹ gé bọ inú ife omi mímọ́. Bí ohun funfun bí mílíìkì bá ń ṣàn jáde láti inú rẹ̀, ẹ fà á tu pẹ̀lú gbòǹgbò, ẹ sun ún, ẹ má sì ṣe gbin tòmátì sí ojú ibẹ̀ mọ́. Bí ẹ bá rí ipa ìdin lára ewé, bí ìgbà tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ fa ìlà funfun sí i, ẹ já ewé náà kí ẹ dì í sínú láílọ́ọ̀nù. Baálé tí ń mu sìgá tàbí tí ń fín aáṣáà, kí ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí ó tó bá yín kan igi náà. Àrùn ara ewé tábà a máa ràn án. (Ẹ fi pẹ̀lẹ́ sọ ọ́ fún wọn o.)

Láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni Roma máa ń pọ́n tán. Nítorí náà ẹ má ṣe gbin gbogbo hóró yín ní ọjọ́ kan. Ẹ pín in sí méjì, kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wà láàárín. Bí ìdí èso bá ti ń pọ́n díẹ̀, ẹ já a kí aláǹgbá tó já a fún yín, kí ẹ tẹ́ ẹ sí ibòji. Inú oòrùn tí ó mú kì í jẹ́ kí ó pọ́n dáadáa. Pípọ́n rẹ̀ a dà bí ọsàn.

Èyí tí ó bá dára jù lórí igi tí ó so jù, ẹ fi sílẹ̀ kí ó pọ́n kanrin fún irúgbìn. Ẹ fún hóró rẹ̀ sínú ife pẹ̀lú omi rẹ̀, kí ó wà bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta títí tí yóò fi kan, kí yọ̀rọ̀yọ̀rọ̀ ara rẹ̀ lè bọ́. Ẹ ṣàn án, ẹ sá a ní ibòji lórí àwo, ẹ kó o sínú ìgò tí ó gbẹ, kí ẹ sì kọ oṣù àti ọdún sí i lára.