Ẹ̀rọ Ìhun-Súwẹ́tà Ni Tàbí Abẹ́rẹ́ Kóróṣé? Èrò Tiwa Rèé

Ọ̀rọ̀ òwú híhun ni a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé ọ̀rọ̀ obìnrin ni, kó wá ṣí ojú ewé yìí kọjá o. Owó tí gbogbo wa jọ ń dá ni ọ̀rọ̀ náà kàn.

Ẹni tó bá ti dé ọjà Ore tàbí ti Odigbo láìpẹ́ yìí, tó sì bá ọwọ́ ọ̀sán pàdé nígbà tí oníbàárà ò pọ̀, á ti fojú ara rẹ̀ rí i. Àwọn ìyá wa kò jókòó lásán mọ́. Ọ̀kan ń fi abẹ́rẹ́ gígùn méjì hun fìlà ọmọ tuntun, èkejì ń fi abẹ́rẹ́ kóróṣé, èyí tó ní ìkọ́ lẹ́nu, fa òwú yọ nínú òwú. A ti ń wò ó bí ohun ìdárayá, ṣùgbọ́n ó ti kọjá bẹ́ẹ̀ báyìí. Àwọn mẹ́fà kan ti kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó pé kí ẹgbẹ́ yá àwọn lówó láti fi ra ẹ̀rọ ìhun-súwẹ́tà méjì, ìwé náà yóò sì dé iwájú ìpàdé gbogboogbò. Èrò tiwa ni pé kí ẹgbẹ́ má tíì fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ. Kí ó fi owó kékeré ra òwú lápapọ̀, kí ó sì fi díẹ̀ sanwó fún ẹni tí yóò kọ́ àwọn ènìyàn wa ní kóróṣé dáadáa. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ìdí rẹ̀.

Ìyá kan ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀. Ata àti èlùbọ́ ni wọ́n ń tà. Òwú híhun kì í ṣe òwò wọn, ìgbádùn ni wọ́n fi ń ṣe láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ọ ní ilé-ìwé mọ́dà. Nígbà tí ọmọ wọn obìnrin bímọ, wọ́n tún gbé abẹ́rẹ́, wọ́n hun fìlà, ìbọ̀sẹ̀ àti súwẹ́tà kékeré fún ọmọ náà. Iṣẹ́ náà dára púpọ̀. Lọ́jọ́ ìkómọ, àwọn aboyún tó wà níbẹ̀ yí wọn ká, olúkúlùkù ń wí pé, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣe tèmi." Wọn kò bu owó lé e, ẹni tó bá ra òwú wá ni wọ́n ń hun tirẹ̀ fún.

Iṣẹ́ kejì ni ìborùn aláwọ̀ aró, ibẹ̀ sì ni ọgbọ́n kan wà tó yẹ kí gbogbo wa mọ̀. Wọ́n ra bọ́ọ̀lù òwú mẹ́ta lọ́jọ́ kan, owó ọwọ́ tán, wọ́n tún padà lọ ra mẹ́ta lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Orúkọ kan náà ni, nọ́ńbà àwọ̀ kan náà ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìborùn parí, apá kan dúdú ju èkejì lọ, ààlà wọn sì hàn gbangba láàárín. Ohun tó fà á ni pé aró ìkòkò kan kì í jọ ti ìkejì tán, kódà ní ilé iṣẹ́ ńlá. (Àwọn aláró wa ti mọ èyí kí òyìnbó tó dé.) Ẹ yẹ ìwé tí wọ́n fi wé òwú wò: nọ́ńbà méjì ló sábà máa ń wà níbẹ̀, ọ̀kan ti àwọ̀, ọ̀kan ti ìkòkò tí wọ́n ti rẹ ẹ́. Bí ti ìkòkò kò bá dọ́gba, ẹ má fi wọ́n ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo. Ẹni tó ń ra òwú ní méjì-méjì, mẹ́ta-mẹ́ta kò lè bọ́ nínú wàhálà yìí. Ẹni tó bá ra odindi páálí lẹ́ẹ̀kan ló lè bọ́. Ta ló sì lè dá ra páálí nínú wa?

Lẹ́yìn ìborùn ni ìyá yìí tó lọ kọ́ nǹkan tí wọn kò mọ̀ rí, ìyẹn kóróṣé. Ọmọbìnrin onídìrí tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ìsọ̀ wọn ló kọ́ wọn. Ẹ má yà á lẹ́nu. Ojoojúmọ́ ni àwọn onídìrí ń fi abẹ́rẹ́ oníkọ̀ọ́ fa irun kóróṣé wọ inú irun orí. Ọwọ́ wọn ti mọ̀ ọ́n. Ọmọ náà wá ń wo bí wọ́n ṣe ń ṣe báàgì àti bùláòsì nínú fóònù rẹ̀, ó sì ń ṣe é tà fún àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ìjà kékeré kan wáyé nígbà tí wọ́n dáwọ́ lé báàgì. Ìyá ní ìwé àtijọ́ kan tí wọ́n tẹ̀ ní England, wọ́n ń kà á jáde, ọmọ ń ṣe é. Ìwé ní kí wọ́n ṣe dọ́bù, ọmọ ṣe dọ́bù bí fóònù ti kọ́ ọ. Báàgì tó yẹ kó ki pọ́pọ́ wá ṣí jálajàla bí àwọ̀n apẹja. Owó wẹ́wẹ́ tí wọ́n kó sínú rẹ̀ ń já bọ́. Màmá ní ọmọ ò gbọ́ràn, ọmọ ní ìwé màmá ti gbó jù. Kò sí èyí tó jẹ̀bi nínú àwọn méjèèjì. Ohun tí àwọn ará England ń pè ní dọ́bù, síńgù ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè é. Èyí tí England ń pè ní tírẹ́bù ni Amẹ́ríkà ń pè ní dọ́bù. Ọ̀pọ̀ fíìmù tó wà nínú fóònù sì ni ó jẹ́ ti Amẹ́ríkà. Bẹ́ẹ̀ náà ni abẹ́rẹ́ ìhun-súwẹ́tà: nọ́ńbà 8 ti England àtijọ́ jẹ́ mìlímítà 4, nọ́ńbà 8 ti Amẹ́ríkà jẹ́ mìlímítà 5. Ẹ máa fi mìlímítà béèrè abẹ́rẹ́ lọ́jà, ẹ ó sì kọ́kọ́ wo ibi tí ìwé tàbí fíìmù ti wá kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn méjèèjì tú báàgì náà, wọ́n sì tún un ṣe. Èyí tó jáde lẹ́yìn náà, a rí i. Kò sí ohun tó lè já bọ́ nínú rẹ̀.

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ wá ńkọ́?

A kò sọ pé ẹ̀rọ ò dára. Irú èyí tí wọ́n ń lò nínú ilé sábà máa ń ní abẹ́rẹ́ 200 tí a tò sórí ìlà kan; bí a bá ti fa orí rẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kan, odindi ìlà kan ti parí. Ẹni tó ń fọwọ́ hun kò lè bá a sáré. Ṣùgbọ́n ṣé àwọn tó ń fọwọ́ hun ni ẹ̀rọ wa fẹ́ bá díje? Ilé iṣẹ́ ńlá ni. Ẹ lọ sí ìsọ̀ òkìríkà nínú ọjà wa, ẹ béèrè iye tí wọ́n ń ta súwẹ́tà àgbàlagbà, kí ẹ wá lọ béèrè iye òwú ìdajì kílò, nítorí pé bí ìdajì kílò ni irú súwẹ́tà bẹ́ẹ̀ ń gbà. Ẹni tó bá ṣe ìṣirò náà kò ní bi wá ní ìbéèrè mìíràn. A kò tíì ṣírò owó ẹ̀rọ, a kò tíì ṣírò èlé, a kò sì tíì béèrè ẹni tí yóò tún un ṣe ní Ore bí abẹ́rẹ́ rẹ̀ bá ṣẹ́. Ọjọ́ mélòó ni ọyẹ́ tilẹ̀ ń mú lọ́dọ̀ tiwa nínú igbó yìí, tí àgbàlagbà fi máa wọ súwẹ́tà?

Ìdíje ọwọ́ àti ẹ̀rọ kì í ṣe tòní. Ní 1589 ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ William Lee ṣe ẹ̀rọ tó ń hun ìbọ̀sẹ̀ ní England. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ ni pé Ọbabìnrin Elizabeth Kìíní kò fún un ní ìwé àṣẹ, nítorí ó ń ro ti àwọn tálákà tí ń fọwọ́ hun ún jẹun. Àánú ọba kò dá ẹ̀rọ dúró. Láti ìgbà náà ni híhun alábẹ́rẹ́ méjì ti ń bọ́ sọ́wọ́ ẹ̀rọ díẹ̀díẹ̀.

Kóróṣé kò rí bẹ́ẹ̀, ìdí pàtàkì nìyí tí a fi ń ti í lẹ́yìn. Títí di òní, kò tíì sí ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe kóróṣé tòótọ́. Ẹ̀rọ lè ṣe ohun tó jọ ọ́ lójú, ṣùgbọ́n èyí tó jẹ́ ògidì, ọwọ́ ènìyàn ló ṣe é, ì báà jẹ́ láti Ṣáínà ni wọ́n ti kó o wá. Nítorí náà, ẹni tó bá ń ṣe báàgì kóróṣé ní Odigbo, ọwọ́ bíi tirẹ̀ ló ń bá díje. A mọ̀ pé ọwọ́ tọ̀hún lè gba owó kékeré, a ò tan ara wa. Ṣùgbọ́n àwa ló sún mọ́ oníbàárà. Ore yìí ni ọkọ̀ tó ń ti Èkó lọ sí Benin àti ilẹ̀ Ìbò ti máa ń dúró jẹun. Èrò á sọ̀ kalẹ̀, á nà ẹsẹ̀, owó á wà lápò rẹ̀, kò sì sí nǹkan tó máa ń rí rà ju búrẹ́dì, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti omi lọ. Ẹ wo àwọn obìnrin Ọ̀wọ̀ nínú ìpínlẹ̀ wa yìí, tí wọ́n ń hun aṣọ lórí òfì olóòró. Aṣọ wọn ń tà nítorí pé ẹni tó bá rí i á mọ̀ pé ti Ọ̀wọ̀ ni. Ore náà lè ní báàgì tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká rántí ibi tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti ṣẹ̀ wá. Àwọn 28 tó dá ti Rochdale sílẹ̀ ní England ní 1844, ahunṣọ wà nínú wọn, ẹ̀rọ sì ti ń gba oúnjẹ lẹ́nu irú wọn. Wọn kò dá owó ra ẹ̀rọ láti bá àwọn olówó jà. Ìyẹ̀fun, bọ́tà, ṣúgà àti ọkà ni wọ́n jọ rà, kí ẹnikẹ́ni má bàa máa yọ́ ìdọ̀tí mọ́ ọn tà fún wọn. Ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún náà ni wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù wọn. Ní ilẹ̀ wa níbí, lẹ́yìn òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti 1935, kòkó ni àwọn baba wa kó papọ̀ tà. Kí a jọ rà, kí a jọ tà, iṣẹ́ ẹgbẹ́ nìyẹn.

Irú ìyànjẹ bẹ́ẹ̀ wà nínú òwú náà. Ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń tà fún wa ní "wúlù" kò rí àgùntàn rí, ọ̀rá ni. Ẹ gé díẹ̀ níbẹ̀, ẹ fi iná kàn án níta: wúlù tòótọ́ á rùn bí irun tó jó, á sì di eérú, ti ọ̀rá á yọ́, á gan pọ̀ di kókó líle. Kì í ṣe pé ti ọ̀rá ò wúlò, ó rọrùn láti fọ̀, ó dára fún báàgì, ṣùgbọ́n kí a má sanwó wúlù lé e lórí. Bí akápò wa bá lọ ra páálí, nọ́ńbà ìkòkò kan, owó ọjà olówó-ńlá, òun ló máa dán an wò fún gbogbo wa.

Òwú mìíràn tún wà nílé tí a kò kà sí. Àwọn tó ń ta òkìríkà nínú ẹgbẹ́ wa mọ̀ pé nínú gbogbo bélì ni súwẹ́tà tó ní àbàwọ́n tàbí ihò wà, tí wọ́n ń tà ní ọ̀pọ̀ tàbí tí wọ́n ń jù nù. Títú ló yẹ kí a máa tú u. Ẹ yẹ ojú ìránpọ̀ rẹ̀ wò nínú: bí wọ́n bá fi màṣíìnì gé e tí wọ́n sì so etí rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀, wẹ́wẹ́ ni òwú rẹ̀ á máa já. Ṣùgbọ́n bí etí rẹ̀ bá mọ́ láìsí ojú gígé, òwú gígùn ni ẹ ó fà jáde. Ẹ ká a bí ìdì, ẹ so ó níbi bíi mẹ́rin, ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ gbé e kọ́ pẹ̀lú nǹkan wíwúwo díẹ̀ nísàlẹ̀ títí á fi gbẹ. Gbogbo ìwọ́kókó ara rẹ̀ á nà.

Àwọn tó fẹ́ ẹ̀rọ ní ọ̀rọ̀ kan tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ìyẹn súwẹ́tà ilé-ìwé. Bí ilé-ìwé kan bá fún wọn ní iṣẹ́ náà ní kíkọ sílẹ̀, pẹ̀lú iye àti ọjọ́ tí wọn yóò sanwó, àwa gan-an ni yóò kọ́kọ́ ní kí ìgbìmọ̀ tún ìwé wọn gbé yẹ̀ wò. Lórí "a gbọ́ pé wọ́n máa rà" nìkan ni a kò fẹ́ kí owó àwọn onídùúró dúró.

Kí àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà mú ìṣirò wọn wá sí ìpàdé, kí wọ́n sì mú ìwé ilé-ìwé náà dání bó bá wà. Ẹni tó bá ní súwẹ́tà òkìríkà tí kò tà, kó kó o dé ọ̀dọ̀ akọ̀wé ṣáájú ọjọ́ náà. Ìyá aláta àti onídìrí wọn ti gbà láti tú ọ̀kan lójú gbogbo wa.