Ọmọ Tí Kò Mọ Orúkọ Igi

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin olùkọ́, ọ̀rọ̀ wa ti ọ̀sẹ̀ yìí kàn yín gidigidi. Ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ìwé ní ìletò Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà ni ó lè fi ìka tọ́ àwòrán èso ápù nínú ìwé, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò rí igi rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n bí a bá bi wọ́n ní orúkọ igi tí wọ́n ń ṣeré lábẹ́ rẹ̀, ẹnu wọn a wọhò.

Ní ìgbà àtijọ́, ọmọ tí ó ń tẹ̀lé bàbá rẹ̀ lọ sí oko ni ó ń mọ ìrókò yàtọ̀ sí arère, tí ó sì ń mọ akòko tí a fi ń jẹ oyè. Nísinsìnyí, ilé-ìwé ni ọmọ ń wà láti òwúrọ̀. Oko bàbá rẹ̀ pàápàá, ó lè jẹ́ pé a ti gé e tà fún àwọn tí ń kọ́lé. Bí ilé-ìwé kò bá kọ́ ọ, ta ni yóò kọ́ ọ?

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ orúkọ lásán. Ní ọdún 1958, J. H. Elgood fi orúkọ Ìbàdàn sọ ẹyẹ kan tí í ṣe ìbátan ẹ̀gà: Malimbus ibadanensis. Dúdú ni ẹyẹ náà, orí àti àyà rẹ̀ sì pupa. Ní gbogbo ayé, apá gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà nìkan ni a ti mọ̀ ọ́n, igbó tí a ń pa run sì ti sọ ọ́ di ẹyẹ tí ó lè parẹ́. Ọ̀kan nínú ibùgbé tí ó ṣẹ́kù fún un ni igbó IITA, ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí a dá sílẹ̀ ní 1967 ní ilẹ̀ Akínyẹlé. Igbó náà tó nǹkan bí hẹ́kítà 350. Oko ni púpọ̀ nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí a dáwọ́ igi gígé dúró, ó padà di igbó. Ìbá dára kí àwọn ọmọ rí i, kí wọ́n lè mọ̀ pé ilẹ̀ a máa sọjí bí a bá fún un láàyè.

Ẹ̀kọ́ kejì ni ti odò. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, Ògùnpa kún, ó sì pa ènìyàn tí ó ju 100 lọ ní Ìbàdàn. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, omíyalé tún gba ẹ̀mí púpọ̀. Ìdọ̀tí tí a dà sínú odò àti ilé tí a kọ́ sí etí rẹ̀ wà nínú ohun tí ó dí omi lọ́nà. Ta ni a sì ń rán? Ọmọ kékeré ni a ń gbé ìdọ̀tí lé lórí, pé kí ó sáré dà á sínú àgbàrá bí òjò bá ti ń rọ̀. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Àwọn òbí mìíràn a máa wí pé àwọn kò rán ọmọ lọ sí ilé-ìwé láti ṣe iṣẹ́ oko. Wọ́n ní ìdí, nítorí olùkọ́ tí ó kó ọmọ ọlọ́mọ lọ ro oko ara rẹ̀ kò kọ́ wọn ní nǹkan kan. Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún yàtọ̀. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gbin irúgbìn kan sínú ọ̀rá omi tí a ti mu tán, kí ó kọ orúkọ igi náà ní Yorùbá, kí ó sì bi àwọn àgbà léèrè ohun tí ó wúlò fún. Gbígbìn rọrùn, ìtọ́jú ni iṣẹ́. Ìsinmi Kérésìmesì bọ́ sí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí náà kí a yan àwọn ọmọ tí ilé wọn súnmọ́ tòsí láti máa bomi rin ín. Igi tí a gbìn ní ọjọ́ ayẹyẹ tí a kò bomi rin, ọyẹ́ ni yóò jẹ ẹ́.

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá àgbà, ẹ má ṣe gbé ìmọ̀ yín lọ sí sàréè. Ní alẹ́ òní, ẹ bi ọmọ yín ní orúkọ igi márùn-ún. Bí kò bá mọ̀ wọ́n, ẹ fi wọ́n hàn án ní ọ̀la.