Kì í Ṣe Ọmọ Ni Kò Lẹ́bùn
Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, bí ọmọ bá fẹ́ kọ́ dùùrù ẹnu, ìyẹn máót-ọ́gàànù, ẹ má torí owó pọ́ọ́kú ra èyí tó ń jò. Bí atẹ́gùn bá ti ń sá gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ọmọ á fẹ́ ẹ títí, kò ní dún. A ó wá ní kò lẹ́bùn! Àwa ò gbà.

Oníhò 10 tí wọ́n kọ C sí lára ni kó fi bẹ̀rẹ̀. Oníbọ́tìnnì ṣì lè dúró. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bá olùtà ṣàdéhùn: bí ihò kan ò bá dún, yálà ní fífẹ́ tàbí ní fífà, kó pààrọ̀ rẹ̀. Àwa tí à ń pariwo ojúlówó fún oníbàárà, ẹ jẹ́ ká ra ojúlówó fún ọmọ wa.