Owó Ẹ̀kọ́ Kì í Ṣe ti Oníwèé Nìkan

Ẹ̀yin ará wa ní Sábóńgàrì, gbogbo wa la gbọ́ àbá tí àwọn kan gbé wá sí ìpàdé tó kọjá, pé kí owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ tí à ń dá lóṣooṣù má ṣe kan ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ ọwọ́ mọ́. Wọ́n ní ẹni tí ìwé kò bá wọ̀ lórí ló ń kọ́ṣẹ́. Àwa lòdì sí àbá yìí, a ó sì sọ ìdí rẹ̀ láì fi igbá kan bọ̀kan nínú.

Ta ló sọ fún wọn pé ìmọ̀ kò sí lọ́wọ́? Kí wọ́n rìn dé Kofar Mata, níbi tí àwọn aláró Kano ti ń rẹ aṣọ láti ayé àwọn baba ńlá wọn. Kí wọ́n wo bí aláró ṣe ń po eérú àti kán-ún mọ́ ẹ̀lú nínú kòtò, tí yóò fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ púpọ̀ kí ó tó kan. Báwo ló ṣe ń mọ̀ pé ó ti tó rẹ aṣọ? Ojú, imú àti ọwọ́ ni. Láti kékeré ni ọmọ rẹ̀ ti ń dúró tì í létí kòtò. Àwọn ìyá wa ní Abẹ́òkútà àti Òṣogbo kò kọ́ ọ lọ́nà mìíràn.

Ilé-ìwé wá ńkọ́? Nígbà tí ètò 6-3-3-4 bẹ̀rẹ̀ ní 1982, ìjọba fúnra rẹ̀ ló ní kí ọmọ máa fọwọ́ ṣe ohun tó ń kà. Wọ́n ra ẹ̀rọ wá láti òkè òkun fún ẹ̀kọ́ Intro Tech. Ní ilé-ìwé púpọ̀, inú àpótí pákó tí wọ́n fi dì í wá ló wà; kò sí iná, kò sí olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n lò, ó sì dógùn-ún síbẹ̀. Títí dòní, ọmọ wà tó lè ka òfin iná mànàmáná láìkọsẹ̀, tí kò lè so wáyà mọ́ súwíìsì. (Àwa tí a wà lórí ìsọ̀ mọ̀ wọ́n: oníwèé mẹ́wàá yóò ṣì máa wá bírò tí yóò fi ṣírò yáàdì mẹ́fà ààbọ̀, ọmọ orí àtẹ ti fún oníbàárà ní ṣéńjì.)

Tai Solarin kò ya ìwé àti ọkọ́ nípá. Ó dá ilé-ìwé Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní 1956. Ọmọ ibẹ̀ ń kàwé, ó ń roko, ó sì ń jẹ nínú ohun tó gbìn. Ta ló jẹ́ pè wọ́n ní olódo?

A kò ní gbogbo ọ̀gá ló ń kọ́ ọmọ níṣẹ́ o. Àwọn kan wà tí ọmọ yóò lo ọdún 3 lọ́dọ̀ wọn, omi pípọn àti aṣọ fífọ̀ ni yóò mọ̀. Kí ẹgbẹ́ mú irú wọn tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn, kí àgbà méjì sì máa yà wò wọ́n.

Ìpàdé tó ń bọ̀ la ó dìbò. Kí ẹni tó ní ọmọ-iṣẹ́ mú un dání, kí ọmọ náà gbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wá, kí àwọn tó dá àbá wò ó lójú gbogbo wa.