OJÚ ÌYÁ KÌ Í ṢE ÒGIRI: FANDÉṢỌ̀N TÓ YẸ ÀGBÀ OBÌNRIN

Ní Ìlọrin Àfọ̀njá, kò sí Sátidé tí kò ní òde tirẹ̀. Bí wọn ò bá so yìgì, wọ́n á ṣe wòlímọ̀. Bí kò bá sí wòlímọ̀, ìkómọ á wà. Kí agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ tó lù, gèlè ti dúró, léèsì ti ń dán, wọ́n ti lé tìróò. Ọmọge ṣe ojú lóge, ó yẹ ẹ́. Ìyàwó ṣe ojú lóge, ó yẹ ẹ́. Àmọ́ tó bá kan àwọn ìyá tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń di ariwo. Nígbà tó bá fi máa di agogo méjì ọ̀sán, ojú ìyá á ti sán bí ilẹ̀ ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀. Ojú á wà lọ́tọ̀, ọrùn á wà lọ́tọ̀, bí ẹni pé orí elòmíràn ni wọ́n gbé lé èjìká ìyá. Àwọn ọmọdé á máa fi ìborùn bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Ìyá ò mọ̀. Owó gidi ló ná, ẹ̀sín ló rà wálé.

Ṣé ọjọ́ orí ló fà á ni? Rárá o! Nǹkan méjì péré ló fà á. Àwọ̀ tí ìyá rà kì í ṣe àwọ̀ ojú rẹ̀, ọ̀nà tó sì gbà lò ó kì í ṣe ọ̀nà tí wọ́n ń gbà tọ́jú awọ àgbà.

AWỌ ÀGBÀ KÌ Í ṢE AWỌ ỌMỌGE

Awọ ọmọ ogún ọdún ní òróró tirẹ̀. Bí obìnrin bá ṣe ń dàgbà, òróró yẹn á máa dínkù, awọ á sì máa fẹ́lẹ́. Nígbà tí nǹkan oṣù bá wá dáwọ́ dúró, èròjà tó ń mú kí awọ le kó sì nà dáadáa, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní kọ́lájìn, á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ kíákíá. Láàárín ọdún 5 àkọ́kọ́, ó lè dín tó nǹkan bí ìdá 3 nínú ìdá 10. Ìyẹn ló ń mú kí ojú hunjọ. Kì í ṣe iṣẹ́ ayé, kì í sì í ṣe epè orogún!

Fún àwọn ìyá tó ń tajà, ẹ fi oòrùn kún un. Oòrùn Ọjà Ọba àti ti Ìpàtà kì í ṣe ẹgbẹ́ oòrùn ẹni tó jókòó sábẹ́ fáànù. Òun ló ń sọ orí ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti iwájú orí di dúdú ju ibi tó kù lọ. Tí ọyẹ́ bá tún dé ní oṣù Kejìlá, ìwọ̀nba omi tó ṣẹ́ kù lójú á tún gbẹ.

Ẹ wá wo ìyá tó da àtíkè gbígbẹ lé irú awọ bẹ́ẹ̀. Kò sí ibi tí àtíkè náà máa lọ ju inú ìlà ojú lọ. Ìlà tí ẹnikẹ́ni ò tíì rí tẹ́lẹ̀ á wá hàn kedere. Àwọn ìyá amọ̀kòkò ní Dáda, l'Òkèlélé, mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Wọn kì í dúró dìgbà tí amọ̀ bá gbẹ tán kí wọ́n tó máa dán ìkòkò. Ìgbà tó ṣì tutù díẹ̀ ni ọwọ́ ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ojú àgbà rí.

ÌDÍ TÍ OJÚ DÚDÚ FI Ń DI EÉRÚ

Ọ̀pọ̀ ìyá ṣì ń pe gbogbo ohun tí wọ́n ń fi kun ojú ní páńkéèkì. Orúkọ ọjà kan ni. Ilé iṣẹ́ Max Factor l'Amẹ́ríkà ló gbé Pan-Cake jáde ní ìparí àwọn ọdún 1930, nítorí àwọn òṣèré inú fíìmù aláwọ̀ mèremère. Awọ òyìnbó ni wọ́n wò ṣe é, wọn ò ro ti ìyá aláṣọ tó wà n'Ílọrin mọ́ ọn rárá.

Kódà àwọn ènìyàn wa tó wà l'Amẹ́ríkà jìyà ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn obìnrin dúdú tó ń wọ aṣọ fún aráyé wò nínú ètò Ebony Fashion Fair, ńṣe ni wọ́n máa ń po oríṣiríṣi fandéṣọ̀n pọ̀ kó tó jọ ara wọn. Ohun tí Eunice Johnson àti ọkọ rẹ̀ John, àwọn tó ni ìwé ìròyìn Ebony, rí nìyẹn tí wọ́n fi dá ilé iṣẹ́ ohun ìṣaralóge Fashion Fair sílẹ̀ ní 1973. Nílé níbí, Tara Fela-Durotoye dá House of Tara sílẹ̀ ní 1998. Nígbà tó di 2017, Rihanna olórin gbé Fenty Beauty jáde, àwọ̀ fandéṣọ̀n 40 ló sì kó jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà, ẹni tó bá ní àwọ̀ òun ò sí lọ́jà, kò tíì wá a ni.

Kí ló wá ń sọ ojú dúdú di eérú? Inú fandéṣọ̀n, nǹkan funfun kan wà tó dà bí ẹfun, titanium dioxide lorúkọ rẹ̀. Wọ́n á wá po àwọ̀ pupa, ìyeyè àti dúdú mọ́ ọn, èyí tó jẹ́ ìbátan ìpẹtà ara irin, irú ohun tó mú kí erùpẹ̀ ilẹ̀ wa pupa. Tí ohun funfun yẹn bá pọ̀ jù, tí pupa àti ìyeyè ò tó, ojú adúmáadán á di ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ìlọta.

BÍ WỌ́N ṢE Ń YAN ÀWỌ̀

Èkíní, ẹ má yan àwọ̀ lábẹ́ agboòrùn ọjà. Agboòrùn pupa á mú gbogbo ojú pupa, tapólì búlúù á mú gbogbo ojú ṣú. Iná inú ṣọ́ọ̀bù náà ń tanni jẹ. Ẹ mú jígí, ẹ jáde síta gbangba.

Èkejì, ẹni tó ń tà á á fẹ́ fi í sí ẹ̀yìn ọwọ́ yín. Ẹ má gbà fún un. Ṣé ọwọ́ ló ń lọ sóde ni àbí ojú? Ẹ ní kó fa ìlà mẹ́ta, àwọ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, sí párì yín, níbi tí ojú àti ọrùn ti pàdé. Èyí tó bá wọra, tí ẹ ò rí i mọ́, òun ni tiyín. Èyí tó bá ń tàn yanran, ti ẹlòmíràn ni, bó ti wù kó dára tó nínú ìgò. Ìyá tó ń lo híjáàbù ò gbọdọ̀ sọ pé ọrùn òun kò hàn. Párì ń hàn, àwọ̀ tí kò bá sì bá a mu, etí híjáàbù náà ló máa kọ́kọ́ jẹ́rìí.

Ẹ̀kẹta, ẹ má tíì sanwó. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé tí wọ́n bá bá òróró ara àti afẹ́fẹ́ pàdé, wọ́n á ṣú. Ẹ lọ ra ata àti àlùbọ́sà yín, kí ẹ padà wá wo jígí lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú 10 sí 15.

Ẹ̀kẹrin, dúdú ju dúdú lọ. Ìyá méjì lè dúdú dọ́gba, kí ti ọ̀kan ní pupa nínú, kí ti èkejì ní ìyeyè nínú. Ẹ má tìtorí pé ó yẹ ọ̀rẹ́ yín kí ẹ rà á.

Ẹ̀karùn-ún, olómi tàbí èyí tó rọ̀ bí ìpara ló bá awọ gbígbẹ mu. Ẹ fi àtíkè tó nípọn sílẹ̀, kí ẹ sì sá fún èyí tó ń dán wìnnìwìnnì. Ńṣe ni dídán yẹn ń tan iná sí gbogbo ìlà ojú.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tó máa bàjẹ́. Lára ọ̀pọ̀ ìgò, wọ́n ya àwòrán ìkòkò kékeré kan tí ìdérí rẹ̀ ṣí sílẹ̀, wọ́n kọ 12M tàbí 24M sí i. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé oṣù 12 tàbí 24 ló ní lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣí i. Èyí tí ẹ ti ń lò láti ìgbà ìgbéyàwó àkọ́bí, tí àkọ́bí náà sì ti bímọ mẹ́ta, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ nù!

BÍ WỌ́N ṢE Ń LÒ Ó

Ẹ kọ́kọ́ bọ́jú, kí ẹ fi òrí díẹ̀ bíńtín pa á. A kò jìnnà sí òrí n'Ílọrin. Ìpínlẹ̀ Kwara yìí kan náà ló ti ń wá, láti ìhà Kaiama àti Baruten. Ẹ jẹ́ kó wọ ara fún bí ìṣẹ́jú 10. Ẹ wá rẹ fóòmù, kí ẹ fún un, kí ẹ fi bu fandéṣọ̀n díẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti àárín ojú, ẹ máa rọra tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara, ẹ má ṣe fà á bí ẹni ń kun ọ̀dà. Ibi tí ojú bá ti hunjọ, díẹ̀ náà ni. Tí àmì dúdú bá wà, orí àmì yẹn nìkan ni kí ẹ fi kún. Kí ló kan gbogbo ojú níbẹ̀? Àtíkè kò kọjá imú àti iwájú orí.

Ẹni tó ń ṣe ojú fún ìyàwó tún máa ń fẹ́ ṣe ti ìyá ìyàwó. Ẹ bi í bóyá ó ti fọ búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Fóòmù kan ṣoṣo tí wọ́n fi nu ojú ènìyàn mẹ́wàá, àrùn awọ ló ń pín kiri.

ÀLÙWÀLÁ ŃKỌ́?

Ìlú onírun ni Ìlọrin. Òde ò tíì tán tí Àìlà á ti tó, Àlàásàrí ò sì jìnnà. Ohun tí àwọn àlùfáà ń sọ ni pé omi àlùwàlá gbọ́dọ̀ kan awọ ojú. Fandéṣọ̀n tí omi kì í ràn, bí aṣọ ló ṣe bo ojú. Ìyá tó bá fẹ́ kírun á wá mú kànìnkànìn, á máa ha ojú kíkankíkan, bẹ́ẹ̀ awọ àgbà tó ti fẹ́lẹ́ ò fara da híha. Ẹ ra èyí tó fúyẹ́, tó ń tètè kúrò. Ẹ ṣe àlùwàlá kí ẹ tó ṣe ojú. Tó bá já, ẹ fi òwú kan òróró díẹ̀, ẹ fi nu ojú jẹ́jẹ́, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́, kó tó di pé ẹ ṣe òmíràn.

IBI TÍ EWU WÀ

Èyí ló burú jù níbẹ̀. Ìyá kan ra fandéṣọ̀n tó mọ́lẹ̀ ju ojú rẹ̀ lọ. Ọrùn ò bá ojú mu mọ́. Dípò kó dá ọjà padà, wọ́n á ní, "Ẹ má ṣèyọnu, ìpara kan wà tó máa mú ọrùn náà mọ́." Ilẹ̀kùn bíbó ara nìyẹn! Wọ́n á po ìpara nínú abọ́, kò ní orúkọ, kò ní nọ́ńbà.

Ohun tó sábà máa ń wà nínú irú ìpara bẹ́ẹ̀ ni hydroquinone, steroid tàbí mẹ́kúrì. Mẹ́kúrì ń ba kíndìnrín jẹ́. Àdéhùn Minamata tí àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí ní 2013, tí Nàìjíríà náà dara pọ̀ mọ́ ní 2018, wà lára ohun tó ń lé e kúrò nínú ìpara. NAFDAC kò fẹ́ ẹ rárá nínú ohun ìṣaralóge, kò sì fẹ́ kí hydroquinone kọjá ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní 2023, àjọ náà kéde pé ọ̀rọ̀ bíbó ara ti di pàjáwìrì. Tí hydroquinone bá pẹ́ lára, ó lè fi àmì dúdú tó dà bí aró sí orí ẹ̀rẹ̀kẹ́, tí ọṣẹ kankan ò lè fọ̀ kúrò. Steroid ní tirẹ̀ ń mú awọ fẹ́lẹ́ débi pé ọgbẹ́ kì í jiná bọ̀rọ̀, tí wọ́n bá sì ṣiṣẹ́ abẹ, awọ lè máà gba okùn tí dókítà fi rán an.

Ẹ gbọ́ o: ìyá tí ọjọ́ orí ti mú awọ rẹ̀ fẹ́lẹ́, òun ló tún ń fi owó ọjà ra ohun tó máa mú un fẹ́lẹ́ sí i! Àmì dúdú á yọ, fandéṣọ̀n á nípọn sí i láti bò ó, ìpara á tún pọ̀ sí i. Ìyá tó bá ti wà nínú rẹ̀ kò gbọdọ̀ máa tijú. Dókítà awọ ara wà nílé ìwòsàn Yunifásítì Ìlọrin. Kó gbé ìpara náà dání lọ, kó sì sọ òótọ́ fún wọn, nítorí pé fífi òjijì dá ìpara oní-steroid dúró lè mú kí ara tú yágbá.

Fandéṣọ̀n kò lè sọ ìyá di ọmọge, kò sì yẹ kí ó sọ ọ́ di òyìnbó. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó jẹ́ kí ojú tó ti tọ́mọ, tó ti jìjàdù lọ́jà fún ọgbọ̀n ọdún, yọ sóde pẹ̀lú iyì. Òde Sátidé tó ń bọ̀ kò jìnnà mọ́. Kí gbogbo ìyá tó ní fandéṣọ̀n nílé mú un jáde sí oòrùn lónìí, kó fa ìlà kan sí párì rẹ̀. Bí ìlà náà ò bá wọra, ọmọ rẹ̀ tó mọ́ jù ú lọ ni kó fún.